Yíyan Bátìrì Mìíràn fún Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ ní Ilẹ̀ Olóoru

1. Ìfáàrà



Mo mọ̀ pé àkọlé ọ̀rọ̀ yìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní kí ni ó kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú ọ̀ràn tí rẹwáyà abẹ́ igi lè parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi náà wà lára àwọn tí í máa sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ohun tí ó yí ọkàn mi padà ni pé láàárín oṣù 18, mo ra bátìrì mẹ́ta fún ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo fẹ́ ra èkíní, nọ́ńbà ni mo wò: mo ní kí ọlọ́jà fún mi ní èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ tóbi jù lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ra èkejì, owó ni mo wò: tòkunbọ̀ ni, kò sì tó ìdajì owó tuntun. Ìrọ̀lẹ́ ni èkejì yìí dákẹ́, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. A ti kọjá Ìkirè, a kò sì tí ì dé Asẹ́jìrẹ́. Ìyá mi wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, a sì ń gbé e lọ rí dókítà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Iná iwájú ọkọ̀ kọ́kọ́ pọ́n bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì kú. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré kọjá lára wa nínú òkùnkùn, a kò sì ní iná tí a lè fi sọ fún wọn pé ènìyàn wà níbẹ̀. Wákàtí méjì ni a lò kí awakọ̀ kan tó ṣàánú wa. Gbólóhùn kan péré ni ìyá mi sọ: "Ọmọ mi, ṣé ìwé tí o kà kò dé orí ohun tí o ń gùn yìí ni?"

Mo ra ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò pé oṣù kan tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà náà ni rẹwáyà kan, ọmọdékùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, fi mítà kan ọkọ̀ náà lára, tí ó sì fi hàn mí pé àrùn náà kò sí nínú bátìrì rárá. Ìbéèrè ìyá mi ni mo wá dáhùn lónìí.

Àbá tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ kò gùn. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, orúkọ kọ́ ni ó yẹ kí a fi yan bátìrì, nọ́ńbà ńlá sì kọ́. Bí ó ṣe bá ọkọ̀ mu àti ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó yàn án, ó yẹ kí ó dá wa lójú pé ti àtijọ́ ti kú ní tòótọ́. Lẹ́yìn tí a bá sì yàn án tán, ó yẹ kí a mọ ibi tí òkú ti àtijọ́ gbà lọ.

2. Ohun tí ó wà nínú bátìrì

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859. Ní 1881, Camille Faure, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, mú un sunwọ̀n sí i nípa fífi ohun tí a fi òjé pò bí lẹ́ẹ̀ ra ara pẹlẹbẹ òjé. Ọwọ́ ni a fi ń yí irin níwájú ọkọ̀ láti ji ẹ́ńjìnnì láyé ìgbà náà, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912, ní Amẹ́ríkà, ni ó mú kí iná bátìrì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn, nípa ọgbọ́n Charles Kettering. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà nínú ọkọ̀ láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n òjé àti ásíìdì Planté ṣì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìyàrá mẹ́fà ni ó wà nínú bátìrì tí a ń pè ní fóòtì 12. Nínú ìyàrá kọ̀ọ̀kan, oríṣi pẹlẹbẹ méjì ni a tò sínú ásíìdì imí ọjọ́ tí a fi omi là. Ọ̀kan jẹ́ òjé tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí kànrìnkànrìn. Èkejì jẹ́ òjé tí ó ti gba ọ́síjìn mọ́ra. Ìyàrá kan a máa mú nǹkan bí fóòtì 2.1 jáde, mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 12.6. Nígbà tí a bá ń lo iná bátìrì, imí ọjọ́ inú ásíìdì a máa lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ méjèèjì, ohun tí ó kù nínú ìyàrá a sì máa súnmọ́ omi lásán. Nígbà tí a bá ṣáàjì rẹ̀, imí ọjọ́ a padà sínú omi náà. Ìlọ àti àbọ̀ yìí ni ìgbésí ayé bátìrì. Bí a bá fi bátìrì sílẹ̀ láìṣáàjì fún ìgbà pípẹ́, ohun funfun tí ó lẹ̀ mọ́ òjé a gan paali, kò sì ní padà mọ́. Ìdí nìyí tí bátìrì tí a gbé kalẹ̀ láìlò fi lè kú bí èyí tí a ń lò lójoojúmọ́.

3. Ooru ni ọ̀tá

Ìwé tí ó ń bá bátìrì wá láti òkè òkun a máa kìlọ̀ púpọ̀ nípa òtútù. Wọn kò purọ́. Ní ilẹ̀ wọn, òtútù a máa mú kí iṣẹ́ inú bátìrì lọ́ra, epo ẹ́ńjìnnì a sì ki. Nítorí náà, òwúrọ̀ ìgbà òtútù ni àṣírí bátìrì tí kò lágbára máa ń tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tú àṣírí olóògbé kọ́ ni ó pa á. Ooru ni ó ń pa bátìrì, àní ní ilẹ̀ tiwọn pàápàá.

Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, iṣẹ́ inú bátìrì a máa yára tó ìlọ́po méjì, ẹ̀mí rẹ̀ a sì máa dín kù tó ìdajì. Ooru a máa jẹ egungun òjé tí ó gbé pẹlẹbẹ ró. A máa gbẹ omi inú ìyàrá. A sì máa mú kí iná jò dànù nínú bátìrì tí a kò lò. Ẹ ro ti ọkọ̀ tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Èkó ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn: oòrùn lókè, ọ̀dà gbígbóná nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí afẹ́fẹ́ tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Ààrò ni a gbé bátìrì náà sí. Bí bátìrì tí ìbá lo ọdún márùn-ún ní ilẹ̀ tútù bá lo ọdún méjì sí mẹ́ta níhìn-ín, kí a má wulẹ̀ pe ará ilé ní àjẹ́.

4. Ṣé bátìrì ni ó kú ní tòótọ́?

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra bátìrì nígbà tí ó jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó ń ṣe ọkọ̀. Mítà kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì tó láti là wá lójú.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wọn bátìrì ní òwúrọ̀, kí a tó ji ọkọ̀. Bí mítà bá ka 12.6, bátìrì kún. Bí ó bá ka 12.4, ó kù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì. Bí ó bá ka 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní kí ẹnì kan ji ọkọ̀ bí ẹ ti ń wo mítà. Bí bátìrì tí ó kún bá já wálẹ̀ kọjá 9.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí mítà ka nǹkan bí 13.8 sí 14.5, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ṣe iná nínú ọkọ̀, èyí tí à ń pè ní alternator, ni ó ń bọ́ bátìrì nígbà náà. Bí kò bá tó 13, alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni kí a fura sí. Bí ó bá ju 15 lọ, alternator náà ń se bátìrì bí ẹni se ẹ̀wà. Nínú àwọn ọkọ̀ ìwòyí kan, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí iná yìí, ó sì lè máa lọ sókè sódò. Kí a wo ìwé ọkọ̀ kí a tó dájọ́.

Nínú ọkọ̀ tèmi, mítà ka 12.1 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́. Bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti ń fi ebi pa. Owó alternator tí a tún ṣe kò tó owó bátìrì kan.

Ohun méjì kù tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ń hù lórí bátìrì lè dí iná lọ́nà. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì a máa bọ́ ọ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun tí a so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí a rà á, bí rédíò ńlá àti ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkọ̀ nítorí olè, lè máa mu iná ní òru. Nígbà tí a bá ti pa ọkọ̀, tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ sì ti sùn, iná tí ń jáde nínú bátìrì kò yẹ kí ó ju nǹkan bí ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà kan lọ. Bí a bá yẹ gbogbo èyí wò tán, tí bátìrì tí a ṣáàjì kún fọ́fọ́ sì tún já wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, a lè sunkún rẹ̀. Ó kú.

5. Kíka àmì ara bátìrì

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n àpótí. Bátìrì gbọ́dọ̀ jókòó sínú àyè rẹ̀ pinpin, kí irin tí a fi dè é sì mú un dáadáa, nítorí kòtò ojú ọ̀nà a máa gbọn pẹlẹbẹ inú rẹ̀ wó. Kò gbọ́dọ̀ ga jù, kí orí rẹ̀ má baà kan irin bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí iná má baà sọ. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ẹ̀gbẹ́ tí orí àmì ìròpọ̀ àti ti àmì àyọkúrò wà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ àyè, wáyà ọkọ̀ kò ní tó wọn. Ẹni tí ó bá sì fi tipátipá gbé wáyà gba òdì lè jó kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ agbára. Àmì Ah ń sọ bí ohun tí bátìrì gbà ti pọ̀ tó. Bátìrì 60 Ah ni èyí tí ó lè fún wa ní ámpíà 3 fún 20 wákàtí. Kí a mú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí ó bá fi díẹ̀ lé e, tí àpótí rẹ̀ sì wọlé, kò sí ewu. Àmì CCA ni èyí tí ó tàn mí jẹ. Ohun tí ó ń sọ, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, ni iye ámpíà tí bátìrì lè mú jáde fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá láìjá kọjá fóòtì 7.2, nígbà tí òtútù bá jẹ́ ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Adó-Èkìtì, ìgbà wo ni irú òtútù bẹ́ẹ̀ bá wa lálejò? Kí ó tó iye tí ìwé ọkọ̀ béèrè, ó parí. Láti mú nọ́ńbà yìí tóbi nínú àpótí kan náà, aṣebátìrì a máa gé pẹlẹbẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí wọ́n lè pọ̀. Pẹlẹbẹ tí ó fẹ́lẹ́ ni ooru sì ń tètè jẹ tán. Nítorí náà, bí bátìrì méjì bá jẹ́ irú kan náà, tí àpótí wọn kò sì yàtọ̀, ẹ gbé méjèèjì wò. Èyí tí ó wúwo jù ni òjé rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù.

Àmì kan tún wà lára bátìrì tí a fi òṣùwọ̀n Jàpáánì ṣe, èyí tí ó pọ̀ nínú ọkọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a mú 55D23L. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà yóò sọ pé ámpíà 55 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: 55 jẹ́ ipò agbára rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀; D ń sọ ìbú àti gíga àpótí; 23 ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà; L sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí orí rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá mú R wálé dípò L ti ra bátìrì ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ìkìlọ̀ méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ irú tí ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá dúró, tí ó sì ń jí padà, bátìrì AGM tàbí EFB ni a ṣe é fún. Ti àtijọ́ kò ní pẹ́ nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì bá AGM nínú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó rẹlẹ̀ sí i rọ́pò rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bátìrì tí a ń lò pẹ̀lú ẹ̀rọ inverter nílé kì í ṣe ti ọkọ̀. Eléré ọ̀nà jíjìn ni ti inverter. Ẹni tí ń sa agbára lẹ́ẹ̀kan náà tí ó sì ń sinmi ni ti ọkọ̀. Bí a bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì, a ó ba á jẹ́.

6. Ọjọ́ orí bátìrì

Mo wá dé ibi tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú yíyàn. Bátìrì kì í dúró de ẹni tí yóò rà á. Láti ọjọ́ tí ásíìdì ti wọ inú rẹ̀ ni ó ti ń dàgbà. Èyí tí ó bá jókòó fún ọdún kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù ti darúgbó kí ó tó rí ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí a ṣe é. Àwọn kan kọ oṣù àti ọdún sí i gbangba. Àwọn mìíràn ń lo álífábẹ́ẹ̀tì fún oṣù, A fún oṣù kìn-ín-ní títí dé L fún oṣù kejìlá, nọ́ńbà ọdún a sì tẹ̀ lé e. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni èmi ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín: bí kò bá tó 12.5, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá rí irú èyí tí ó dé ní gbígbẹ, tí ọlọ́jà ń da ásíìdì sí níṣojú ẹni tí ó rà á, a jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni ìgbésí ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn rí i pé a ṣáàjì rẹ̀ dáadáa kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ní ti tòkunbọ̀, n kò ní bú ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìyókù ẹ̀mí ni ó ń rà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un iye tí ó ṣẹ́ kù. Bí a bá pín owó náà sí iye oṣù tí bátìrì lò, a ó rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé tòkunbọ̀ ni ó wọ́n jù.

Nígbà tí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀, orí àmì àyọkúrò ni kí a kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí a dè kẹ́yìn, nítorí pé gbogbo ara ọkọ̀ ni a so mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń ti inú bátìrì jáde lè gbiná. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a lè ṣí, omi bátìrì tí a tà ní ìgò ni kí a máa fi kún un, kí a má lo omi kànga. Kí a má sì da ásíìdì sí i: omi ni ooru gbé lọ, ásíìdì wà níbẹ̀.

7. Ibi tí òkú bátìrì gbà lọ

Ó ku apá tí ọlọ́jà kì í bá wa sọ. Nínú bátìrì tí ó wúwo tó kílò 15, òjé inú rẹ̀ tó kílò 9. Òjé kì í kú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri láti ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù fi ń sanwó fún òkú bátìrì. Ọ̀pọ̀ wọn a da ásíìdì sínú gọ́tà, wọn a fi àáké la àpótí, òjé náà a sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń yọ́ ọ lórí iná nínú ọgbà ilé.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Senegal, irú iṣẹ́ báyìí ni àwọn ènìyàn ń ṣe. Láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọmọdé 18 ni ó kú níbẹ̀. Ìwádìí sì fi hàn pé òjé kún inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyá wọn. Kò jìnnà sí wa. Ní àgbègbè Olódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ti wọn òjé púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibi tí a da ìdàrọ́ bátìrì sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé a kò mọ ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè pa ènìyàn lára. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bá jà jù. Ọmọ náà lè má kú. Ó kàn lè máà lè kàwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a sì máa nà án pé ó ya òpè.

Mo jẹ́wọ́ pé nínú bátìrì mẹ́ta tèmi, n kò mọ ibi tí méjì wọlé sí. Mo gba owó, mo sì yíjú. Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí rọrùn: n kì í da ásíìdì inú rẹ̀, n kì í sì tà á fún alárìnkiri. Ọlọ́jà tí ó bá gba ti àtijọ́ lódindi, tí ó sì lè sọ fún mi iléeṣẹ́ tí ó ń kó o lọ, ni mo ń ra tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n. Mo ti fi ìbéèrè yìí kún àwọn tí mo ń bi ọlọ́jà kí n tó yàn.

8. Ìgúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ. Kí a wọn ti àtijọ́ àti alternator kí a tó dá a lẹ́jọ́ ikú. Kí a mú èyí tí àpótí, orí àti agbára rẹ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu. Kí a má jẹ́ kí nọ́ńbà òtútù tàn wá ní ilẹ̀ ooru. Kí a béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Kí a sì tẹ̀ lé òkú ti àtijọ́ dé ibi tí ojú wa lè tó.

Ìyá mi kò sí láyé mọ́ láti gbọ́ ìdáhùn yìí. Bí ó bá wà ni, mo mọ òwe tí ìbá fi kádìí rẹ̀ fún mi: ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èwo ni ti ẹni tí ó da ásíìdì síwájú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn láìwọ bàtà?